Aṣọ Ẹnu Sípíkà

Sàlámọ̀tù na ọwọ́ sókè kí àlejò náà tó kí i tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú. Ẹ dákẹ́ ná. Mò ń retí ohùn ẹnì kan."

Bàbá náà pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní kéré sí ẹni àádọ́rin ọdún, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, ó sì ti ṣí fìlà lọ́wọ́ nítorí ooru. Lódìkejì títì, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ dúró ti ẹni tó ń lẹ táyà, wọ́n ti fi jáàkì gbé mọ́tò dúdú kan nídìí. Bàbá náà tọ́ka sí bẹ́ǹṣì, ó fi ojú bèèrè bóyá òun lè jókòó sí ìbòòji. Sàlámọ̀tù fi orí dá a lóhùn, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Rédíò mẹ́fà ló wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti tàn, gbogbo wọn ló dojú kọ ọ́. Ìpolówó ọṣẹ ń lọ lọ́wọ́. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́wàá lù.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé rédíò wá sí ìsọ̀ yìí rí, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìkirè lọ sí Àpòmù, ló mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. Sàlámọ̀tù kì í fi ẹ̀rọ kankan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ohùn Olúgbémi Ládélé ló fi ń dán an wò. Ogójì ọdún ni ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti Ìbàdàn. Ó ka ìròyìn títí ó fi fẹ̀yìn tì, ètò kan ṣoṣo ló sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, èyí tó ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà, tó fi ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn tó bá pàdé nínú ìrìn àjò. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀, Ìkirè á dákẹ́, àfi àwọn ewúrẹ́.

Bàbá Sàlámọ̀tù ló fi àṣà náà lélẹ̀ nígbà tí ìsọ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Fi òjé jó ohun tó yẹ kó o jó, pààrọ̀ èyí tó bá ti kú, ṣùgbọ́n má ṣe sọ pé rédíò ti yá títí ohùn ọkùnrin yẹn yóò fi balẹ̀ sí ọ láyà. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló máa ń sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ gbogbo nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ti gba ohùn rẹ̀ nígbà tí Sàlámọ̀tù wà lọ́mọ ọdún méjì, ohun tó sì kù sí i lẹ́nu kò ju èémí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ní láti sún mọ́ ọn. Sàlámọ̀tù sún mọ́ ọn títí ó fi kọ́ iṣẹ́ náà tán, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀ nígbà tó kú, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Soliat, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ní Àpòmù, gbé rédíò tó gbà lọ padà wá. "Màmá, ó ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti kì jù. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpò." Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ lé e, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dun Sàlámọ̀tù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe tí etí rẹ̀ bá ti ń ṣe ségesège, kí ló tún kù tó fẹ́ máa tún ṣe? Ó ti pe ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ti sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí òun ti ìsọ̀ pa kí Iléyá tó dé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ kó dá ẹjọ́ náà fún òun: Bàbá Abdulkareem, àgbẹ̀ kòkó ní Àpòmù, oníbàárà wọn láti ayé bàbá rẹ̀, ẹni tí kì í pọ́n ènìyàn lé lásán. Ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá láago mẹ́wàá òní, kó fetí sí rédíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó sì sọ òótọ́. Tó bá lè ní wọn kò dára, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Aago mẹ́wàá sì ti tó, bàbá náà ò tí ì dé.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko," ni ohùn náà wí láti inú rédíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wà láàárín méjèèjì, mo ti dé o."

Sàlámọ̀tù di ojú. Ohùn náà nípọn, ó rinlẹ̀, ó sì balẹ̀ sí i láyà gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, ìyẹn ti tó o. Lónìí, kò mọ̀ bóyá kí òun gba àyà náà gbọ́.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò náà ń sọ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé rédíò, lábẹ́ ẹnu.

Kò yà á lẹ́nu. Ta ni kì í sín Ládélé jẹ ní Ìkirè? Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sín in jẹ, àwọn ọlọ́kadà ń sín in jẹ, lẹ́mọ̀ọ́mù gan-an sín in jẹ níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́dún tó kọjá, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ti bàbá yìí burú.

"Bàbá, ẹ ò gbé e dáadáa," ló wí, láì la ojú. "Ohùn tiyín fúyẹ́ jù."

Bàbá náà yíjú sí i. "Báwo ló ṣe yẹ kó rí?"

"Ẹ jẹ́ kó ti ikùn wá. Imú lẹ fi ń sọ ọ́. Ẹ gbọ́: mo ti dé o."

"Mo ti dé o," ni bàbá náà wí.

"Ó kù díẹ̀. Ẹ rẹ àgbọ̀n yín sílẹ̀."

Ó rẹ àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kò jiyàn. "Mo ti dé o."

"Ẹ ṣáà ń gbìyànjú," ni Sàlámọ̀tù wí, nítorí àgbàlagbà ni, kò sì fẹ́ kí ojú tì í.

Ó la ojú wò ó. Bàbá náà ń wo òun náà pẹ̀lú ojú ẹni tí nǹkan ń dùn mọ́ nínú tí kò fẹ́ kó hàn.

"Ṣé ẹ ti rí ọkùnrin náà rí?" ló bèèrè.

"Rárá o. Àwọn ọmọdé ní àwòrán rẹ̀ wà lórí fóònù. Mi ò wá a. Ojú kọ́ ni mò ń tún ṣe."

Ìyẹn pa bàbá náà lẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kó má bàa dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má bèèrè nǹkan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ló tún na ìka sí rédíò keje, èyí tí Soliat dá padà, tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ní igun tábìlì.

"Kí ni aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu sípíkà yẹn?"

"Nítorí eruku ni. Bàbá mi ló máa ń fi í síbẹ̀, kí eruku ọ̀nà má bàa wọlé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ la fi ń ṣe é. Rédíò mìíràn á gba ẹyọ kan, òmíràn á gba mẹ́ta."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó máa gba mẹ́ta?"

"A ó máa fi kún un ni, títí ohùn á fi balẹ̀."

"Eruku náà ńkọ́?"

Sàlámọ̀tù wo aṣọ náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gé bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́nu sípíkà, kò sì sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló kan eruku kan ohùn. Òun náà kò bi ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní eruku ni, eruku ló sì ń jẹ́.

Lórí rédíò, Ládélé ti dé ìdí ìtàn ọjọ́ náà. Obìnrin kan ló bá pàdé ní Gbọ̀ngán, tó wọ mọ́tò pẹ̀lú ewúrẹ́ kan, tó sì tẹnu mọ́ ọn pé àga méjì ni òun fẹ́, nítorí pé ewúrẹ́ náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án. Sàlámọ̀tù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì.

"Báyìí ló máa wúkọ́," ló wí.

Ohùn inú rédíò dúró. Ó wúkọ́, lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ àwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n má bínú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Wọ́n fẹ́ gé e kúrò nígbà tí a gba ohùn sílẹ̀ tán," ni bàbá náà wí. "Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Bí obìnrin yẹn ṣe wúkọ́ sí mi létí gan-an nìyẹn nígbà tí mo ní ewúrẹ́ rẹ̀ ń rùn."

Sàlámọ̀tù wò ó. Ó wo rédíò, ó tún wò ó. Ètò tuntun ni, kò sẹ́ni tó ti gbọ́ ọ rí níbi kankan. Bí ara rẹ̀ ṣe bù máṣọ nìyẹn, ó sì bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wáyà àti bátìrì tó kú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ dárí jì mí. Mò ń kọ́ yín ní ohùn yín."

"Ẹ dìde, ẹ dìde." Olúgbémi Ládélé di apá rẹ̀ mú. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ tiẹ̀ ní mo ń gbìyànjú."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Sàlámọ̀tù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí òun ti ń fi ohùn rẹ̀ jẹun láti ọjọ́ yìí ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì òun yìí, pẹ̀lú eruku lára bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń nu ojú lọ́wọ́ ni ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà wá sí i lọ́kàn, àyà rẹ̀ sì já.

"Sà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ohùn yín ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí mo wọṣẹ́, ọ̀gá mi ní bíi pé ẹyẹ ló ń ka ìròyìn." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí tábìlì. "Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti ń wò ó pé ta ni wọ́n fi rọ́pò mi."

Sàlámọ̀tù fa rédíò Soliat sọ́dọ̀, ó fa aṣọ ẹnu rẹ̀ ya, ẹyọ kan, èjì, ẹ̀kẹta, ó sì tàn án. Ládélé bọ́ sí gbangba láti inú rẹ̀, fẹ́lẹ́, ó sì mọ́, bí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, mẹ́fà yòókù ń kùn. Ó gbọ́ ìyàtọ̀ náà kedere, kò tiẹ̀ ní láti tẹ́tí. Etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ohun mìíràn ló wá gba ipò rẹ̀. Bí etí òun bá dára, a jẹ́ pé òun ń ṣe é bí bàbá òun ṣe kọ́ òun, kò yẹ̀ rárá, ọ̀tún kò yà, òsì kò yà. A jẹ́ pé bàbá òun ló ṣì í. Bàbá tó lè fi etí mọ wáyà tó fẹ́ já kó tó já. Mélòó ni wọ́n ti tún ṣe, àwọn méjèèjì? Gbogbo abà tó wà láti ibí dé Ararọ̀mí-Òwu, gbogbo ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ọkùnrin yìí, ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, ó sì ti gba owó wọn, ó ti gba ọpẹ́ wọn. Ojú tì í dé ẹ̀yìn ọrùn.

Ó mú ọ̀bẹ. Ó ṣí ẹ̀yìn rédíò kìíní nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha aṣọ náà kúrò.

"Kí lò ń fi ọ̀bẹ ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá Abdulkareem ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Sàlámọ̀tù sáré kúnlẹ̀ kí i, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láì tò: Soliat, aṣọ, ikọ́, pé ẹni tí wọ́n ń gbọ́ láti ogójì ọdún ló jókòó yìí, pé irọ́ ni gbogbo rédíò tó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde.

Bàbá Abdulkareem kọjú sí Ládélé. "Ẹ̀yin ni Ládélé?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀ o."

Bàbá àgbẹ̀ náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yí ẹnu díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá ti tábìlì, ó tẹ̀ ba, ó sì gbé etí sí àwọn rédíò tó kù. Ètò náà ti fẹ́ parí. Ládélé inú rédíò ń dágbére fún àwọn ará ilé, fún àwọn ará oko. Bàbá Abdulkareem kò gbé orí títí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fi tán.

"Ta ló ní kò dára?"

"Soliat, sà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni Soliat?"

"Kò lè ju mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ."

"Kò lè mọ̀ nígbà náà. Kò gbọ́ ọ rí." Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ náà kò gbọ́ ọ. O mọ̀ pé làdánì ni bàbá rẹ, òun ló ń pe ìrun?"

"Wọ́n sọ fún mi."

"Wọ́n sọ fún ọ." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Ládélé sì sún fún un. "Láàárọ̀ ọyẹ́, a máa ń gbọ́ ìpè rẹ̀ dé Àpòmù. Àwọn kan ní irọ́ ni. Èmi gbọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ wá bàjẹ́, ọdún mẹ́wàá ni kò fi jáde láàárọ̀ kùtù, kó má bàa gbọ́ kí ẹlòmíràn pè é. Ọjọ́ kan ni mo gbé rédíò mi wá fún un. Mo gbé e délé, mo tàn án, ohùn bàbá rẹ ti àtijọ́ ló ń ka ìròyìn nínú rẹ̀, mo sì ní láti wá ibi jókòó sí. Mo padà wá bá a lọ́jọ́ kejì. Mo ní, Jímọ́ọ̀, kí lo ṣe sí rédíò mi? Ó ní eruku ni."

Obìnrin kan ń polówó ajílẹ̀ lórí rédíò, ohùn rẹ̀ sì kì.

"Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wa," ni Bàbá Abdulkareem wí. "Àwọn náà gbé tiwọn wá. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ mọ́, kó má bàa dáwọ́ dúró. Ìwọ rò pé kò sí ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Àpòmù ni?"

Sàlámọ̀tù fi ọwọ́ kan rédíò tó ti fẹ́ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Gbogbo Sátidé fún ọgbọ̀n ọdún ló ti ń di ojú níwájú ohùn yìí, tí ó ń dúró dè é kó balẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tó ronú pé ẹnì kan ló ni ín. Bàbá rẹ̀ á jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Á ní, fi ẹyọ kan sí i. Á ní, kò tí ì tó. Á wá dákẹ́, á fẹ̀yìn tì, á sì ní ó ti yá.

"Ogójì ọdún," ni Ládélé wí. "Mo rò pé èmi ni wọ́n ń gbọ́ ní Àpòmù." Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń wo àwọn rédíò náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yàrá kan nínú ilé ara rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ pè é láti òdìkejì títì pé táyà ti yá, pé wọ́n ti ń retí wọn ní Ifẹ̀. Ládélé dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó yọ bírò àti ìwé pélébé kan látinú àpò.

"Ọjọ́rú ni mo máa ń gba ohùn sílẹ̀. Mo máa ń kí àwọn èèyàn lórúkọ níparí ètò. Kí ni kí n pè yín?"

Sàlámọ̀tù fẹ́ sọ Sàlámọ̀tù Jímọ́ọ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pátákó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó gbé e mì. Orúkọ mìíràn wà tí bàbá rẹ̀ máa ń pè é, pẹ̀lú èémí yẹn, létí, nígbà tí wọ́n bá jọ tẹ̀ síwájú lórí iṣẹ́ kan. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Àmọ̀kẹ́," ló wí.

Ládélé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ wò, bí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Àmọ̀kẹ́. Ṣé mo gbé e dáadáa?"

"Ẹ gbé e dáadáa, sà."

"Kò rinlẹ̀ tó," ni Bàbá Abdulkareem wí.

"Á rinlẹ̀ tó bá dé ibí," ni Sàlámọ̀tù wí.

Nígbà tí mọ́tò dúdú náà ti lọ, ó pa rédíò Soliat, ó dè é láì fi aṣọ sí i, nítorí tirẹ̀ ni, bó sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló fa bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde láti abẹ́ tábìlì, ó gé ẹyọ kan, ó lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ọ̀bẹ ti ba tàtijọ́ jẹ́, ó tún gé èkejì. Bàbá Abdulkareem bi í bóyá ó ṣì ń ti ìsọ̀ pa. Ó ní rárá. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ohùn tó rinlẹ̀ yẹn á pe Àmọ̀kẹ́ láti inú àwọn rédíò yìí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, bàbá rẹ̀ kò sì pè é sókè rí kó gbọ́.